Àyẹ̀wò teanglann.ie: atúmọ̀ èdè tí kò fi ohùn agbègbè kan jọba lórí òmíràn

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Teanglann.ie ni orúkọ rẹ̀. Àkójọ ìwé atúmọ̀ èdè Gaeilge ni, èyí tí í ṣe èdè àbínibí ilẹ̀ Írẹ́lándì, Foras na Gaeilge, àjọ tí ìjọba gbé iṣẹ́ ìdàgbàsókè èdè náà lé lọ́wọ́, ni ó sì ni ín. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ka èyí ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó lè béèrè pé kí ni ó kan òun nínú atúmọ̀ èdè àwọn ará Írẹ́lándì. Ó kan àwọn kan nínú wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní Dublin, ní Cork àti ní Galway lónìí, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí síbẹ̀ sì ń kọ́ Gaeilge láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin girama, nítorí pé ẹ̀kọ́ dandan ni. Ó sì kan àwa tí a wà nílé pẹ̀lú, nítorí pé ìkànnì yìí ti ṣe ohun kan tí àwa tí a ní ẹ̀ka-èdè púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò tíì ṣe fún ara wa.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́. Àbúrò mi obìnrin tí ó wà ní Dublin ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ní, "Aǹtí mi, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ nípa èdè nínú ilé wa. Iṣẹ́ àṣetiléwá Gaeilge tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé bọ̀, èmi àti bàbá wọn kò mọ ibi tí a ó ti dì í mú. Ẹ bá wa wá nǹkan." Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò gbọ́ Gaeilge rí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Nínú gbogbo ohun tí mo rí, teanglann ni mo ṣì ń lò títí di ìsinsìnyí, kódà nígbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá kankan kò sí nílẹ̀.

Ìlò rẹ̀ kò le. Àpótí kan wà lókè tí ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ sí, yálà ti Gaeilge tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀, ẹ lè ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹ lè wo gírámà rẹ̀ nínú tábìlì tí wọ́n tò dáadáa, ẹ sì lè gbọ́ bí àwọn tí wọ́n ni èdè ṣe ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Gaeilge ni ẹ lè fi ka àwọn ìtọ́sọ́nà tí ó wà lójú ewé náà. Ojú ewé ọ̀hún fúyẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kò sí ìpolówó ọjà tí yóò dí yín lójú, kò sì sí pé kí ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Fún àwa tí a ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, èyí tó ohun tí a ń dúpẹ́ fún.

Ìwé mẹ́ta ni wọ́n kó sínú rẹ̀: ti Gẹ̀ẹ́sì sí Gaeilge tí Tomás de Bhaldraithe ṣe ní 1959, ti Gaeilge sí Gẹ̀ẹ́sì tí Niall Ó Dónaill ṣe ní 1977, àti èyí kékeré tí ó fi Gaeilge túmọ̀ Gaeilge, tí Ó Dónaill àti Pádraig Ua Maoileoin jọ ṣe ní 1991. Ohun tí ó wù mí nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan fìdí sí. Ará Donegal ní àríwá ni Ó Dónaill. Ará Kerry ní gúúsù ni Ua Maoileoin. Ní ti de Bhaldraithe, Gaeilge etí òkun Galway, ní ìwọ̀ oòrùn, ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lé lórí. Ká tó dé orí ohùn rárá, àwọn agbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní aṣojú lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Abala ohùn gan-an ni ó mú mi kọ àyẹ̀wò yìí. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, ohùn mẹ́ta ni wọ́n tò síwájú yín, tí wọ́n sì kọ orúkọ agbègbè sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Connacht ní ìwọ̀ oòrùn, Munster ní gúúsù, Ulster ní àríwá. Kò sí èyí tí wọ́n pè ní ojúlówó, kò sì sí èyí tí wọ́n pè ní ti ará oko. Ẹ mú cailín, tí í ṣe ọmọbìnrin. Ará Connacht yóò tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, yóò sì fa ìparí rẹ̀ gùn. Ará Munster yóò sáré kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀, ìparí ni yóò fi gbogbo agbára ohùn rẹ̀ tẹ̀. Ará Ulster yóò tẹ ìbẹ̀rẹ̀ bí ti Connacht, ṣùgbọ́n yóò gé ìparí kúrú. Mo jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́ ọ láìsọ èdè tí ó jẹ́ fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ kan tí ilé wọn wà ní Òkìtìpupa ni ó béèrè pé, "Mà, àbí bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé àti bí a ṣe ń sọ ọ́ ní kíláàsì ni?"

Ìdí tí ó fi jẹ́ mẹ́ta wà nínú ìtàn, ìtàn náà kò sì dùn. Ẹkùn mẹ́rin ni Írẹ́lándì ní láti ayébáyé, ẹ̀kẹrin sì ni Leinster, níbi tí Dublin wà. Leinster kò ní ohùn lórí ìkànnì náà, nítorí pé Gaeilge tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ti kú kí irú iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣàkóso wọn dá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri láti 1831, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní 1845 ni àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọ̀dùnkún jẹ́ lóko, ìyàn ńlá sì tẹ̀ lé e fún ọdún bíi mélòó kan. Ó tó mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kú, ó sì tó mílíọ̀nù mìíràn tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Àwọn òtòṣì àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù, tí Gaeilge jẹ́ èdè ilé wọn, ni ìyàn náà bá jù. Àwọn tí ó kù sì ti rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọkọ̀ ojú omi àti ti iṣẹ́ lẹ́yìn odi, nítorí náà, wọn kò fi Gaeilge lé ọmọ lọ́wọ́ mọ́.

Ibi tí ó kù sí gẹ́gẹ́ bí èdè ilé ni wọ́n ń pè ní Gaeltacht, etí òkun sì ni ó pọ̀ sí: Donegal, Mayo, Galway, Kerry, Cork àti Waterford. Gaeltacht kan wà ní Meath nínú Leinster, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé tí ìjọba kó wá láti Connemara ní 1935 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ohùn ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n sì gbé wá. Èyí já sí pé ẹkùn tí kò ní ohùn tirẹ̀ mọ́ ni àwọn ọmọ àbúrò mi ń gbé. Ohùn olùkọ́ tí ó bá wọ kíláàsì ni wọ́n ń gbé jáde. Èyí ẹ̀gbọ́n ti kọ́ ọ láti ẹnu ará Donegal, èyí àbúrò ń kọ́ ọ láti ẹnu ará Kerry, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn jiyàn nídìí tábìlì oúnjẹ pé ẹnìkejì ń ṣì í pè. Teanglann ni ó parí ìjà náà. Ìyá wọn tẹ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kálukú sì rí ibi tí tirẹ̀ ti wá.

Ẹ má rò pé èdè náà kò ní ìlànà àjùmọ̀lò. Ó ní in. Ní 1958 ni ìjọba tẹ ìwé ìlànà gírámà àti àkọtọ́ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní An Caighdeán Oifigiúil, òun sì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba ń lò. Ṣùgbọ́n orí ìwé kíkọ ni ìlànà náà dúró sí. Kò pàṣẹ bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe la ẹnu. Àwọn onímọ̀ kan gbìyànjú láti ṣe ti ẹnu náà. Atúmọ̀ èdè kékeré kan tí ó jáde ní 1986, An Foclóir Póca, lo ọ̀nà ìpè kan tí wọ́n fi ọgbọ́n hun pọ̀ láti inú ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni lóòótọ́, ó sì wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹni tí yóò fara wé. Àmọ́ kò sí abúlé tí ìyá kan ti ń fi ohùn bẹ́ẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ wí. Àwọn tí wọ́n ṣe teanglann gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n jẹ́ kí ìwé kíkọ wà ní ọ̀nà kan, wọ́n sì jẹ́ kí ohùn wà ní mẹ́ta. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí àwọn ará ilé fara balẹ̀ bá mi wò ó. Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ́ni ní kíláàsì ní ìtàn tirẹ̀. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Ohùn Ọ̀yọ́ ni ó ṣe òpó fún iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ohun tí àwọn oníwàásù bá pàdé ní Abẹ́òkúta àti Èkó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Èdè tí a fẹ́ fi tẹ ìwé fún mílíọ̀nù àwọn ènìyàn ní láti rí ibì kan fìdí lé. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a kò dúró lórí ìwé kíkọ nìkan. A gbé àjùmọ̀lò wọ inú ẹnu, a sì sọ ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá yàtọ̀ di ẹni ẹ̀rín.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni nínú ìpín tí Abíọ́dún Adétugbọ̀ ṣe ní 1967, Àkúrẹ́ bọ́ sí ẹ̀ka àárín gbùngbùn pẹ̀lú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀, nígbà tí Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ bọ́ sí ẹ̀ka gúúsù ìlà oòrùn. Ará Àkúrẹ́ máa ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ń sọ ulé, nígbà tí ìwé àjùmọ̀lò kò gba u láyè rárá níwájú ọ̀rọ̀. Àwọn ará gúúsù ìlà oòrùn ṣì di ohùn ọ̀fun kan mú, èyí tí àwọn tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ń fi g àti h dúró fún, tí álífábẹ́ẹ̀tì wa kò ní lẹ́tà fún, tí ó sì ti di w ní ẹnu ará Ọ̀yọ́. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo tí ó ń ṣe iṣẹ́ "ẹ" àti iṣẹ́ "wọ́n". Nítorí èyí ni àwọn ará ibòmíràn ṣe ń sọ pé ará Oǹdó kò mọ bí a ṣe ń bu ọlá fún àgbà, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí kankan ju àìmọ̀ lọ, nítorí pé ọ̀wọ̀ ará Oǹdó wà nínú ìkíni rẹ̀ àti nínú oríkì tí ó fi ń pe ọmọ àti àgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti gúúsù ìpínlẹ̀ wá ní kíláàsì mi kì í fẹ́ ka ìwé sókè. Wọ́n mọ ìwé kíkà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń sá fún.

Bí mo bá wá ń gbọ́ ohùn Donegal, Galway àti Kerry tí wọ́n tò sí ẹgbẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì jọ ní àṣẹ ìjọba lẹ́yìn, inú mi a máa dùn, a sì tún máa bàjẹ́. A ní atúmọ̀ èdè R. C. Abraham tí ó jáde ní 1958, ọdún kan péré ṣáájú ti de Bhaldraithe. Tiwọn ti wà nínú fóònù ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ẹ, tiwa wà ní ilé ìkàwé tàbí nínú ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti lè gbọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ, ti fi hàn pé ọwọ́ wa lè tó irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ka-èdè ni ó kù. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní ìlú Oǹdó, Yunifásítì Adékúnlé Ajásin sì wà ní Àkùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì ń ti gbogbo ìlú wá. Àìsí fóònù tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ kì í ṣe ìṣòro wa.

Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè náà wà níbẹ̀, n kò sì lè fò ó. Abala 8 ìwé òfin Írẹ́lándì ti 1937 sọ pé Gaeilge ni èdè orílẹ̀-èdè àti èdè ìjọba àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìkejì. Láti 2007 ni ó ti jẹ́ èdè ìṣàkóso nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n sì fún un ní ẹ̀tọ́ kíkún ní 2022. Ẹ wá wo ìkànìyàn ọdún 2022 náà: 1,873,997 ènìyàn ni ó sọ pé àwọn gbọ́ Gaeilge, ṣùgbọ́n 71,968 péré ni ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn odi ilé ẹ̀kọ́. Ní 2016, àwọn tí wọ́n sọ pé wọ́n gbọ́ ọ kéré sí èyí, àwọn tí ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ sì pọ̀ jù èyí lọ díẹ̀. Ìyẹn ni pé iye ẹni tí ó ń fi èdè náà yangàn ń gòkè, iye ẹni tí ó ń fi í ná ọjà ń sọ̀ kalẹ̀. Tiwa dà bí òdì kejì rẹ̀. Yorùbá ni a fi ń ná gbogbo ohun tí ó wà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 55 gba Yorùbá láyè ní ilé aṣòfin àpapọ̀ kìkì bí ètò bá ti wà nílẹ̀ fún un, abala 97 sì fi ti ìpínlẹ̀ sílẹ̀ fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láti pinnu. Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba iwájú nínú àwọn méjèèjì.

Bí ẹnìkan bá béèrè bóyá ọmọ aláwọ̀ dúdú lè pe Gaeilge ní tirẹ̀, ohun tí mo rí láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àbúrò mi ni mo lè sọ. Ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 12 kí ó tó ti òkèèrè dé lè gba ìyọ̀ǹda láti má ṣe é, àwọn òbí wa kan sì máa ń yára béèrè fún un, nítorí pé wọ́n rò pé ẹrù ni. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní irú ìyọ̀ǹda yẹn nítorí ibi tí wọ́n ti wá, èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ń sọ Yorùbá Àkúrẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú mi, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì Dublin, ó sì ń ka Gaeilge bí ará Donegal. Mo ti gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Írẹ́lándì sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn ti gbàgbé gbogbo èyí tí àwọn kọ́. N kò rò pé awọ ara ni yóò pinnu nínú irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí olùlò mọ̀ ni pé Foras na Gaeilge kì í ṣe àjọ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Belfast ní 1998 ni ó bí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999 fún Írẹ́lándì àti fún Àríwá Írẹ́lándì tí ó wà lábẹ́ Ìlú Ọba. Ní àríwá yẹn, òfin kan láti 1737 kọ̀ kí wọ́n lo Gaeilge ní kóòtù, òfin 2022 tí ó fún èdè náà ní ìdámọ̀ ni ó sì fagi lé e. Nígbà tí ẹ bá tẹ ohùn Ulster, ará Donegal tí ó wà lábẹ́ Dublin ni ẹ ń gbọ́, ṣùgbọ́n òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ Belfast ń fara wé. Ààlà ìjọba kò bá ààlà èdè mu níbẹ̀, ìkànnì náà sì ti èdè lẹ́yìn.

Ìkànnì náà ní àbùkù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ìdọ́gba tí mo yìn kò kọjá inú ohùn. Ẹ tẹ fata, bí ará Connacht ṣe ń pe ọ̀dùnkún, tàbí préata, bí ará Ulster ṣe ń pè é. Ìwé Ó Dónaill yóò ní kí ẹ lọ wo práta, nítorí pé ìyẹn ni àjùmọ̀lò gbà. Ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò ni ó ní yàrá, ti agbègbè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ìwé atúmọ̀ èdè ní láti fi ìtumọ̀ sí ojú kan, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n máa sọ fún òǹkàwé ibi tí wọ́n ti ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bákan náà ni ẹnu kan ń dúró fún Munster lápapọ̀, nígbà tí Kerry, Cork àti Waterford kò sọ ọ́ bákan náà. Ó dà bí kí a fi ohùn ará Ọ̀wọ̀ dúró fún ti Ìlàjẹ.

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó gbọ́, kì í ṣe gbólóhùn. Nínú Gaeilge, orí ọ̀rọ̀ a máa yí padà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ní òun nìkan lè má dá a mọ̀ nínú gbólóhùn. Ìwé 1959 àti ti 1977 kò sì lè ní àwọn ọ̀rọ̀ ayé òde òní. Fún ìyẹn, ẹ lọ sí focloir.ie, tí àjọ kan náà gbé jáde ní 2013. Ìkìlọ̀ kékeré kan wà fún ojú tí ó ti mọ àmì ohùn wa lára: àmì òkè tí ẹ ó rí lórí fáwẹ̀lì wọn kì í ṣe ohùn òkè rárá. Ó ń sọ pé kí ẹ fa fáwẹ̀lì náà gùn ni.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbólóhùn lè fi abair.ie ti Trinity College ní Dublin kún un, níbi tí ẹ̀rọ yóò ti ka ohun tí ẹ bá tẹ̀ jáde ní ohùn agbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń tàkúrọ̀sọ lè gbọ́ Raidió na Gaeltachta, rédíò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1972 lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ Connemara ti jà fún un. Ẹ fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí etí tí ẹ bá fẹ́ lo abala ohùn teanglann, nítorí pé gbohùngbohùn fóònù kì í gbé ìyàtọ̀ àwọn kọ́ńsónáǹtì wọn jáde dáadáa. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè agbègbè tí olùkọ́ rẹ̀ ti wá, kí ẹ sì di ohùn yẹn mú títí ọmọ náà yóò fi gbọ́ ọ yé kí ẹ tó jẹ́ kí ó gbọ́ àwọn yòókù.